Èémí Inú Ìgò: Ásítóònù àti Iná ní Rye Lane

Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Peckham Rye ní London, tó já sí Rye Lane, imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ ibi tó dé fún un. Ẹja gbígbẹ ń rùn láti ìsọ̀ kan, pọ̀nmọ́ láti òmíràn, ata rodo wà nínú páálí, ìgbín ń rìn nínú abọ́. Yorùbá ń ta sétí lọ́tùn-ún lósì, ti Ìbàdàn, ti Ìjẹ̀bú, ti Èkìtì, àti èyí tí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ń là mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò yani lẹ́nu pé Èkó Kékeré ni wọ́n ń pe àdúgbò náà. Bí èèyàn bá tún rìn síwájú díẹ̀, òórùn mìíràn á dé: ó mú, ó tutù nímú, ó fẹ́ dùn díẹ̀. Òórùn ásítóònù nìyẹn, omi tí àwọn tó ń ṣe èékánná fi ń yọ èékánná àtọwọ́dá tó ti gbó kí wọ́n tó lẹ tuntun.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń lọ dirun ní Rye Lane, n kò sì ka òórùn náà sí nǹkan kan rí. Ọ̀sán Sátidé kan nígbà òtútù ló là mí lójú. N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù tí mo wà, nítorí bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹ ó rò pé òun nìkan ni. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́. Ọkùnrin kan ń tún fóònù ṣe níwájú, tábìlì èékánná méjì wà láàrin, àga onídìrí mẹ́ta wà lẹ́yìn. Pákó fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi pín in, pákó náà kò kan àjà, kò sì kan ilẹ̀.

Láti orí àga tí mo jókòó sí, mo ń wo ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì èékánná. Ó da omi kẹ́túlù sínú abọ́, ó ki ìgò ásítóònù bọ inú omi náà kí ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí ásítóònù tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ a máa tètè yọ èékánná. Hítà kékeré kan ń pọ́n bí ẹyin iná lábẹ́ tábìlì, torí pé ẹsẹ̀ ń tutù. Ẹni tó ń di irun mi ti ń parí lọ. Ó fa láítà yọ, ó ní, “Àǹtí, ẹ dorí kodò díẹ̀ fún mi, ẹ jọ̀ọ́ mà,” kí ó lè jó ìdí irun náà kí ó má baà tú. Láàrin láítà yẹn àti abọ́ yẹn, ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sanwó, mo dágbére, mo lọ sílé. Ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà, nítorí mo rántí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ṣiṣẹ́ ọdún púpọ̀ nílé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ìkẹjà. Ohun tó máa ń sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ibi tí wọ́n ti ń po tíńà ni pé, “Omi kọ́ ló ń jó o. Èémí rẹ̀ ló ń jó.”

Gbólóhùn kékeré yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ohun olómi tó ń gbaná kì í jó fúnra rẹ̀. Ó máa ń mí jáde, bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ṣe ń mí nígbà tí oòrùn bá yọ sí i. Èémí yẹn á bá afẹ́fẹ́ pò, nígbà tó bá sì pọ̀ tó, tó bá pàdé iná, ó tán. Ohun tó fi ìyàtọ̀ sáàárín omi kan àti èkejì ni bí ó ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó kí èémí rẹ̀ tó pọ̀ tó láti gbaná. Àwa tí a dàgbà sídìí sítóòfù mọ̀ ọ́n, bí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Kẹrosíìnì gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó mí tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí òwú sítóòfù ń bá a ṣe nìyẹn. Bẹntiróòlù kò nílò òwú kankan. Kódà nínú òtútù tó mú ju ti yìnyín lọ ó ti ń mí èémí iná. Ìdí nìyẹn tí àbùlà kẹrosíìnì fi pa èèyàn púpọ̀ ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Bẹntiróòlù díẹ̀ bọ́ sínú kẹrosíìnì, ìyá ilé kò mọ̀, ó tan sítóòfù rẹ̀ bó ṣe ń tan án lójoojúmọ́, ilé gbaná.

Ìdílé bẹntiróòlù ni ásítóònù ti wá, kì í ṣe ti kẹrosíìnì. Láti nǹkan bí -20°C ni èémí rẹ̀ ti tó gbaná. Fìríísà tí a ń kó ẹran ọdún sí, -18°C ni wọ́n sábà máa ń ṣe é sí. Òtútù Peckham kò tiẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Nítorí náà kò sí ìgbà kankan lọ́dún, kò sí àárọ̀, kò sí alẹ́, tí ìgò ásítóònù tó ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì kò ní máa mí ohun tó lè jó. (Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń rò ó pé òun á kúkú gbé e sínú fíríìjì: rárá o. Fíríìjì inú ilé ní súwíìsì tó ń ta ná wẹ́rẹ́ nígbà tó bá ń tan àti nígbà tó bá ń kú, èémí náà á sì há mọ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú súwíìsì yẹn.)

Ẹ wá wo ti omi kẹ́túlù. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó jẹ́ 100°C. Ásítóònù ń hó ní 56°C. Ẹni tó bá ki ìgò rẹ̀ bọ inú omi kẹ́túlù, ó ń se é ni. Bí ìgò náà bá wà ní dídé, èémí á máa tì í láti inú. Nígbà tí wọ́n bá ṣí i, ó lè tú sí wọn lójú àti lára. Bí kò bá sì sí ìdérí lórí rẹ̀, èémí náà á kàn máa ya sínú ṣọ́ọ̀bù láìdúró. Mo tún ti gbọ́ pé àwọn kan ń gbé e sínú máíkírówéèfù nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dán an wò.

Mo jókòó, mo ṣe ìṣirò kan kí n lè fi ojú ara mi rí i. Kí afẹ́fẹ́ yàrá kan tó lè gbaná, kò ju ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ tó ní láti jẹ́ èémí ásítóònù. Lítà kan péré, bí gbogbo rẹ̀ bá dànù tó sì gbẹ, á di nǹkan bí 330 lítà èémí. Yàrá tó fẹ̀ ní mítà 2, tó gùn ní mítà 2.5, tó sì ga ní mítà 2.5, lítà kan tó o. Ẹni tó bá ti wọ àwọn ìsọ̀ kékeré tí wọ́n ń háyà ní Rye Lane rí mọ̀ pé mo ti wọn ọ̀pọ̀ nínú wọn tán báyìí. Kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún sì ni ọ̀pọ̀ ń rà, nítorí ó dín lówó.

Ìṣirò yẹn gan-an tún jẹ́ ká dẹra nù ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ó rò pé èémí náà yóò tàn ká inú yàrá dọ́gbadọ́gba. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èémí ásítóònù wúwo tó ìlọ́po méjì afẹ́fẹ́. Kì í gòkè bí èéfín. Ó máa ń wálẹ̀ ni, ó ń rákò nílẹ̀, ó ń wá ibi tó rẹlẹ̀ jù: abẹ́ tábìlì, abẹ́ pákó, àtẹ̀gùn tó lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀. Níbi tí hítà ẹsẹ̀ wà gan-an nìyẹn. Níbi tí wọ́n ti to àwọn wáyà àti sókẹ́ẹ̀tì mọ́ ara wọn nìyẹn. Bí ó bá sì pàdé iná lọ́nà jíjìn, iná náà kì í dúró síbẹ̀. Ó máa ń tọ ipasẹ̀ èémí náà padà títí dé ẹnu ìgò. Ẹni tó ni ìgò lè máa bá oníbàárà rẹ̀ ṣàwàdà lọ́wọ́, kí iná tí kò mọ ibi tó ti wá yọ sí i lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ Rye Lane yàtọ̀. Suzanne Hall, onímọ̀ nípa àwùjọ ní London School of Economics, kó àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní 2012, wọ́n ń ti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Wọ́n rí i pé orílẹ̀-èdè tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti wá lé ní 20, wọ́n sì ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe ń pín ṣọ́ọ̀bù kan sí wẹ́wẹ́, tí ẹnìkan ń háyà tábìlì, tí ẹlòmíràn ń háyà àga, tí ẹlòmíràn ń háyà ògiri tó fi ń kó fóònù kọ́. Èmi kò ní bú ọgbọ́n yẹn. Ọgbọ́n ọjà Dùgbẹ̀ àti Balógun ni, òun sì ni ọ̀pọ̀ obìnrin wa tí kò lówó háyà odindi ṣọ́ọ̀bù fi rí ẹsẹ̀ walẹ̀ ní London. Owó ilé ìwé ọmọ ti inú tábìlì kan ṣoṣo jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá pín ṣọ́ọ̀bù, a kò lè pín afẹ́fẹ́. Pákó kò dá èémí dúró. Oníèékánná lè ṣọ́ra bí ológbò, kí onídìrí tó wà lẹ́yìn pákó, tí kò mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì ṣẹ̀ṣẹ̀ dànù, ṣá láítà. Àwọn àgbà wa ló sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Níbí, oorun lásán kọ́ ni yóò gbà lọ́wọ́ ẹni.

Ẹ sì má gbàgbé àwọn tó ń sùn. Ilé gbígbé ló wà lókè ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Rye Lane. Ìdílé ń gbé níbẹ̀, ọmọ ń sùn níbẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá wí. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí, orí òrùlé iná ni wọ́n ń sùn, wọn kò sì mọ̀. Àgbègbè yìí mọ ohun tí iná ń ṣe. Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2009, iná sọ ní Lakanal House ní Camberwell, tí kò jìnnà sí Rye Lane. Tẹlifíṣọ̀n kan tó bàjẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èèyàn mẹ́fà kú, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ásítóònù kò lọ́wọ́ nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n mo mú un wá nítorí pé ó fi hàn bí ohun kékeré tó bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá kan ṣe ń di ẹkún ọ̀pọ̀ ilé.

Òfin ilẹ̀ yìí kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Òfin iná ilẹ̀ England ti 2005 sọ pé ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń dáhùn fún un, ẹni tí yóò yẹ ibẹ̀ wò láti mọ ohun tó lè gbaná, ohun tó lè ṣáná sí i, àti ọ̀nà tí èèyàn yóò gbà sá jáde. Tẹ́lẹ̀, ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti pé márùn-ún, kì í ṣe dandan kí wọ́n kọ àyẹ̀wò náà sílẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ìyẹn ti yí padà: gbogbo wọn ni kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pátápátá, ìbáà jẹ́ tábìlì ẹnìkan. Èyí tó sì kan ìsọ̀ pínpín jù ni pé bí ẹni tó ń dáhùn bá ju ẹnìkan lọ nínú ilé kan, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ara wọn, kí wọ́n sì jọ fọwọ́sowọ́pọ̀. Panápaná London ló ń rí sí i. Mo kà á, inú mi dùn, nítorí ohun tí ìyá mi ìbá sọ gan-an ló sọ: ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, òfin London ti 1991 ní kí ẹni tó ń ṣe èékánná fún owó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sá fún ìwé yẹn nítorí owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá yẹ ṣọ́ọ̀bù wò lè rí ohun tí ojú wa kò rí mọ́, nítorí ó ti di ohun ojoojúmọ́ lójú wa.

Wàyí o, kí ni èèyàn á ṣe? Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi àti nínú ìtọ́ni tí HSE, àjọ tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́ ní Britain, ń tẹ̀ jáde, kò sí èyí tó nílò owó gọbọi nínú rẹ̀.

Ìwọ̀nba tí oníbàárà kan yóò lò ni kí ó wà lórí tábìlì, nínú ìgò tí ìdérí rẹ̀ ń pa ara rẹ̀ dé. Kí kẹ́ẹ̀gì wà ní dídé, nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, jìnnà sí ẹnu ọ̀nà tí èèyàn yóò gbà sá. HSE kò fẹ́ kí irú omi bẹ́ẹ̀ ju 50 lítà lọ nínú yàrá iṣẹ́, kódà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí iná kò lè tètè jẹ. Fún tábìlì méjì, ìdá mẹ́wàá ìyẹn ti pọ̀ jù. Ẹ má ṣe dà á sínú ike omi tàbí ike Lucozade. Ó mọ́ lójú bí omi, òùngbẹ sì ń gbẹ ọmọdé. Ike náà ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo ike ló lè gbà á. Ife funfun fúlẹ́fúlẹ́ tí wọ́n fi ń ta tíì, ojú ẹ̀mí ẹni báyìí ni ásítóònù á jẹ ìdí rẹ̀ tán, tí gbogbo rẹ̀ á sì dà sílẹ̀. Ẹ fi í sínú ohun tó bá wá láti ilé iṣẹ́, tí àmì pupa onígun mẹ́rin tó ní ahọ́n iná nínú ṣì wà lára rẹ̀.

Òwú ni èèyàn máa ń gbàgbé. Òwú tó ti mu ásítóònù, fọ́ìlì tí wọ́n fi wé ìka, tíṣù tí wọ́n fi nu tábìlì, gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sínú agolo tó ṣí sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì láti àárọ̀ di alẹ́. Oníbàárà mẹ́wàá, ogún, gbogbo òwú wọn ń mí pa pọ̀ nísàlẹ̀, níbi tí hítà wà. Mo ti rí ìdí sìgá nínú irú agolo bẹ́ẹ̀ rí. Agolo onírin tó ní ìdérí tó ń pa ara rẹ̀ dé ni kí wọ́n rà, kí wọ́n máa kó ohun inú rẹ̀ jáde léraléra lójúmọ́, kí wọ́n di í mọ́ inú ọ̀rá. Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni kí òun fi owó àkọ́kọ́ rà, agolo yìí ni mo máa sọ.

Onídìrí náà ní tirẹ̀. Omi gbígbóná ń di ìdí irun mú bí iná ṣe ń dì í mú, kì í sì í fi àmì dúdú sílẹ̀. Bí ó bá di dandan kí wọ́n lo láítà, kí wọ́n béèrè kọ́kọ́. Àwọn tó sì ń pa irun láró, peroxide tí wọ́n fi ń ṣí àwọ̀ irun kò gbọdọ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú ásítóònù. Ọ̀tá paraku ni àwọn méjèèjì, wọn kò gbọdọ̀ pàdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí ìgò tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò sí ásítóònù nínú rẹ̀ tan òun. Ethyl acetate ló sábà máa ń wà nínú ìyẹn, òun náà sì ń gbaná nínú òtútù. Ara ni irú ìgò bẹ́ẹ̀ ń dáàbò bò, kì í ṣe ilé.

Bí iná bá sọ nínú abọ́ kékeré, kí wọ́n da aṣọ panápaná bò ó. Bí ó bá ju ìyẹn lọ díẹ̀, èyí tó ní ilà dúdú lára nínú àwọn ohun èlò panápaná ni kí wọ́n mú, tàbí èyí tó ní ilà búlúù. Kí wọ́n má da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i. Omi lè gbá a káàkiri ilẹ̀ pẹ̀lú iná lórí rẹ̀, nítorí ásítóònù tí a fi omi là ṣì ń jó títí a ó fi là á gan-an. Bí kò bá kú kíákíá, kí gbogbo ènìyàn jáde, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n pe 999, kí wọ́n sì kan ilẹ̀kùn àwọn tó wà lókè. Owó inú dúrọ́ọ̀ kò tó ohun tí èèyàn ń padà wọlé fún. Ẹni tí iná bá jó, omi tó ń ṣàn, tó tutù tí kì í ṣe yìnyín, ni kí wọ́n fi rẹ ojú egbò náà fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Kò sí ẹyin tútù, kò sí epo pupa, kò sí ọṣẹ ìfọyín. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa ń ṣe é; ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń ba egbò jẹ́ ni.

Òṣìṣẹ́ ń san owó tirẹ̀ láìsí iná pàápàá. Orí fífọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ojú títa, òòyì, awọ ìka tó gbẹ tó sì là: gbogbo rẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin náà ka sí àárẹ̀ iṣẹ́. Òṣùwọ̀n tí Britain fi lélẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ iṣẹ́ ni 500 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, ìyẹn kéré ní ìlọ́po àádọ́ta sí èyí tó lè gbaná. Imú kò ṣeé fi wọ̀n ọ́n, nítorí láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ni òórùn náà á ti bá imú mọ́ra. Ìbòmú tí ó kù láti ìgbà Kòrónà kò dá a dúró rárá; eruku èékánná ló lè dín kù. Afẹ́fẹ́ tuntun ni oògùn rẹ̀, pàápàá ẹ̀rọ tó ń fa èémí náà láti ojú tábìlì lọ síta. Ohun kan sì wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀: òórùn tó ń gún ni nímú jù nínú ṣọ́ọ̀bù èékánná, tí gbogbo èèyàn ń ráhùn lé lórí, kì í ṣe ti ásítóònù. Inú omi tí wọ́n fi ń po lẹ́búlẹ́bú acrylic ló ti ń wá. Ásítóònù kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀.

Ásítóònù yìí ti rìn jìnnà kó tó dé ìka ọmọge. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní, òun ni Britain ń wá kiri láti fi ṣe ẹ̀tù ìbọn. Onímọ̀ kan ní Manchester, Chaim Weizmann, tó di Ààrẹ àkọ́kọ́ fún Israel ní 1949, ló rí ọ̀nà láti jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí sọ àgbàdo di ásítóònù. Nígbà tí ọkà wọ́n ní 1917, àwọn ọmọ ilé ìwé Britain ni wọ́n rán lọ ṣa èso igi chestnut tí ẹnu kò lè jẹ, kí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀. Mo máa ń rántí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn nígbà tí mo bá rí ìgò náà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dà èékánná aláwọ̀ róòsì.

Nílé ní Èkó ńkọ́? Ẹni tó bá mọ Yábàá mọ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń fíìsì èékánná àti ìpéǹpéjú lábẹ́ agboòrùn. Ìta gbangba ni, afẹ́fẹ́ wà, ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ti fèrèsé nítorí éésíì, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́nu ọ̀nà, tí ìgò bẹntiróòlù rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Rye Lane kan náà ni. Ní Èkó, 767 tàbí 112 ni kí wọ́n pè. Ẹ̀bẹ̀ kan sì wà tí mo fẹ́ bẹ àwa ará London: ẹ má ṣe di kẹ́ẹ̀gì ásítóònù sínú àpótí fún àbúrò yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ èékánná. Kò gbọdọ̀ wọ inú bààlúù nínú ẹrù. Ẹ fi owó ránṣẹ́ sí i.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù náà ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Mo mú agolo onírin kan dání. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn á rò pé ìjọba ló rán mi, nítorí náà mo kọ́kọ́ jókòó, mo ní kí wọ́n ṣe èékánná fún mi. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọbìnrin náà, títí dé orí ẹ̀gbọ́n mi àti tíńà rẹ̀. Ó gbọ́ mi títí, ó ní, “Mo gbọ́ mà. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá ki í bọ omi gbígbóná, ó lè gbà mí tó ogójì ìṣẹ́jú. Oníbàárà mìíràn ti lọ nìyẹn. Rẹ́ǹtì ò sì dúró de ẹnì kankan.” Òótọ́ ni. N kò lè kọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé ó kàn ń ṣe àìbìkítà. Owó háyà ló ń kì ìgò yẹn bọ omi.

A jọ rò ó. Ó ní tí òun bá kọ́kọ́ fi fáìlì pa ojú èékánná rẹ́ dáadáa, òwú kò ní pẹ́ lórí rẹ̀ púpọ̀. Mo ní kí ó fi tówẹ̀lì tí ó ti rì sínú omi gbígbóná, tí ó sì fún gbẹ, wé ọwọ́ oníbàárà lórí fọ́ìlì, kí ooru náà dé ìka láìjẹ́ pé ó dé ìgò. Ó dán an wò lórí ọwọ́ mi. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó yọ hítà kúrò lábẹ́ tábìlì, ó gbé e kọ́ ògiri lókè, ó fi agolo onírin náà sí ààyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó na ọrùn kọjá pákó, ó pe onídìrí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣáná, ẹ máa ké sí mi.”

“Kí ló dé?”

“Kí n lè dé ìgò mi ni.”

Mo ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí onídìrí parí orí kan, tó ké láti ẹ̀yìn pé, “Mo fẹ́ ṣáná o!” Ọmọbìnrin náà tẹ ìdérí mọ́ ìgò, ó wo agolo, ó dáhùn pé, “Mo ti dé e!” Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe níwájú, ọmọ Afghanistan, gbójú sókè, ó béèrè ohun tí wọ́n ń ké sí ara wọn. Ọmọbìnrin náà sọ fún un. Ọkùnrin náà wo irin gbígbóná tó fi ń lẹ wáyà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo abẹ́ pákó tí kò kan ilẹ̀, ó sì yọ irin náà kúrò lára iná. Ó ní kí wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pè é ní Yorùbá, kí òun náà lè máa dáhùn.